Oṣù Mélòó Ni Fóònù Yìí Yóò Fi Sìn Yín?

Ẹni tó ń gbé Alímọ̀ṣọ́ kì í rìn jìnnà kó tó rí fóònù rà. Ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndó, àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kun àwọ̀ Tecno, Infinix, itel tàbí Samsung sí lára ń wo ara wọn lójú títì, àwọn ẹnjiníà tó ń tún fóònù ṣe sì jókòó sábẹ́ agboòrùn lẹ́bàá wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ọjà tó fẹ̀ ju èyí lọ á wọ ọkọ̀ lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, ọjà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń gbèrò tipẹ́tipẹ́ láti kó wá sí Katangowa, ní Agbádó/Òkè-Odò, lára ilẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ yìí kan náà. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́, iye tó ga ju ti ìjọba ìbílẹ̀ yòókù ní Èkó. Ibi tí èrò bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ọjà fóònù ò lè tutù.

Ohun tó ṣòro ni ká mọ èyí tó yẹ ká rà, ká sì mọ ìgbà tó yẹ ká jáwọ́ nínú èyí tó wà lọ́wọ́ wa. Ó tún le sí i láti oṣù Kẹfà ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ní kí ọjà fúnra rẹ̀ máa pinnu iye náírà. Dọ́là kan tí ìjọba ń ṣẹ́ ní nǹkan bí ₦460 ṣáájú ìgbà náà kọjá ₦1,500 ní 2024. Òkè òkun ni fóònù ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń kó o wọlé. Ohun tí òṣìṣẹ́ ń yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù kan tẹ́lẹ̀ ti wá di ohun tí à ń dá àjọ nítorí rẹ̀. Nígbà tí ọjà bá wọ́n báyìí, ẹni tó bá ṣi fóònù rà yóò jẹ ìyà rẹ̀ pẹ́.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo àlàyé tó ń bọ̀. Owó tí fóònù ń ná yín ni owó tí ẹ san, tí ẹ bá pín in sí iye oṣù tí fóònù náà fi ṣe iṣẹ́ tí ẹ rà á fún. Bátìrì, RAM, update, ohun èlò àtúnṣe, gbogbo wọn ló ń fi oṣù kún un tàbí kí wọ́n yọ oṣù kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kò sí aláròóbọ̀ tó lè fi ẹnu dídùn tà á ní ohun tí kò nílò.

Ìṣirò tó yẹ ká kọ́kọ́ ṣe

Ká ní fóònù méjì wà níwájú yín, ọ̀kan ₦150,000, èkejì ₦240,000. Èyí tí kò wọ́n ní ààyè kékeré, kò sì ní gba update púpọ̀. Lẹ́yìn oṣù 18, ó ti kún, ó ń há, ẹ sì ti ń wá òmíràn. Èkejì lo ọdún mẹ́rin, ìyẹn oṣù 48. Ẹ pín owó wọn. ₦150,000 lórí oṣù 18 jẹ́ nǹkan bí ₦8,300 lóṣù kan. ₦240,000 lórí oṣù 48 jẹ́ ₦5,000. Bí ẹ tilẹ̀ fi ₦20,000 pààrọ̀ bátìrì èkejì láàárín kan, kò ní ju nǹkan bí ₦5,400 lọ lóṣù. Èyí tó dà bí ẹni pé kò wọ́n ló wọ́n.

Ìṣirò yìí kan náà ló ń dá wa lẹ́kun ohun tó ju agbára wa lọ. Fóònù ₦900,000 tó bá lo ọdún mẹ́fà gbáko ṣì ń jẹ ₦12,500 lóṣù. Bí ọwọ́ ìgárá bá sì já a gbà ní ibùdókọ̀ lẹ́yìn ọdún méjì, ₦37,500 ló ti jẹ lóṣù kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Bí iṣẹ́ yín kò bá béèrè fún kámẹ́rà tàbí agbára tó wà nínú irú fóònù bẹ́ẹ̀, owó yẹn ti pọ̀ jù fún un.

Ó wá ku ká mọ ohun tó ń pinnu oṣù tí fóònù yóò lò.

Bátìrì

Bátìrì inú fóònù òde òní, lithium ni wọ́n fi ṣe é. Bí a ti ń ṣájì rẹ̀ tí a sì ń lò ó ni èròjà inú rẹ̀ ń gbó díẹ̀díẹ̀, tí agbára tó lè gbà sínú sì ń dín kù. Odindi bátìrì tí a bá lò tán ni wọ́n ń kà sí ẹ̀ẹ̀kan. Bí ẹ bá lo ìdajì lónìí, tí ẹ ṣájì, tí ẹ tún lo ìdajì lọ́la, ẹ̀ẹ̀kan péré nìyẹn. Apple sọ pé bátìrì iPhone 14 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ṣe kó lè ṣẹ́ ku ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà 500. Láti orí iPhone 15, ìgbà 1,000 ni wọ́n sọ. Ẹni tó ń lo odindi bátìrì lójoojúmọ́ yóò dé 500 láàárín nǹkan bí ọdún kan àti oṣù mẹ́rin.

Ooru ló ń yára pa bátìrì jù. Fóònù tó ń ṣájì lábẹ́ ìrọ̀rí, èyí tí awakọ̀ gbé síwájú gíláàsì ọkọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, èyí tí ọmọ ń wo fídíò lórí rẹ̀ nígbà tó ń ṣájì lọ́wọ́, gbogbo wọn ń mú kí bátìrì yára gbó ni. Iná jẹnẹrétọ̀ tó ń lọ sókè sódò kò dára fún ṣájà náà, pàápàá ṣájà ayédèrú tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ṣájà gidi jẹ́ ara owó fóònù. Ẹ má ṣe fi du ara yín.

Ní àdúgbò tí iná kì í dúró, nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí pẹ̀lú mAh ṣe pàtàkì: 5,000mAh ló wọ́pọ̀ báyìí, kò sì yẹ kí ẹni tó ń jáde láàárọ̀ tó sì ń wọlé lálẹ́ gba ohun tó kéré gan-an sí i. Ẹ kàn má gbàgbé pé bátìrì gbígbó ni àìsàn tó rọrùn jù láti wò. Ẹnjiníà tó mọṣẹ́ lè pààrọ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ẹni tó ra fóònù tuntun torí pé ti àtijọ́ kì í pẹ́ kú mọ́ ti san owó odindi fún àìsàn kékeré. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i pé ẹ̀yìn fóònù ń wú, tó ń ṣí kúrò lára, bátìrì ló ń wú bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe ṣájì rẹ̀ mọ́, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ padà, torí ó lè gbiná.

RAM àti ààyè ìpamọ́

Nọ́ńbà méjì ni wọ́n máa ń kọ sára fóònù, bíi 4GB àti 128GB, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń dà wọ́n pọ̀. RAM, èyí tó kéré, dà bíi tábìlì tí oníṣòwò ń pàtẹ sí: ohun tí ọwọ́ ń bà lọ́wọ́lọ́wọ́ ló wà níbẹ̀. Ààyè ìpamọ́, èyí tó tóbi, ni yàrá ìkẹ́rùsí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù: fọ́tò, fídíò, orin àti àwọn áàpù ń gbé ibẹ̀ bí ẹ kò tilẹ̀ lò wọ́n. Bí tábìlì bá kéré, ẹ óò máa palẹ̀ ọjà kan mọ́ kí ẹ tó lè pàtẹ òmíràn. Ìdí nìyẹn tí fóònù tí RAM rẹ̀ kéré fi ń ti áàpù báńkì yín pa nígbà tí ẹ bá lọ wo WhatsApp, tí yóò sì ní kí ẹ tún wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ibí yìí ni ìpolówó ti ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ óò rí páálí tí wọ́n kọ RAM 16GB sí gàdàgbà, tí wọ́n sì kọ 8GB+8GB sábẹ́ rẹ̀ wínníwínní. Tecno ń pe irú rẹ̀ ní Memory Fusion, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ní orúkọ tiwọn fún un. 8GB àkọ́kọ́ ni RAM gidi. Èkejì ni igun kan tí wọ́n pa láàlà nínú yàrá ìkẹ́rùsí, tí wọ́n sì ní kó máa jẹ́ tábìlì. Ó wúlò díẹ̀, àmọ́ ààyè ìpamọ́ lọ́ra ju RAM lọ fíìfíì, kò sì lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ẹni tó ń tà á ni: “RAM gidi rẹ̀ ńkọ́?”

Fún WhatsApp, áàpù báńkì àti fídíò wíwò, 4GB ni mo kà sí ìpìlẹ̀ lóde òní. Ẹni tó bá fẹ́ kó lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó wá 6GB tàbí 8GB tó jẹ́ gidi. Ní ti ààyè ìpamọ́, 128GB ni kí ẹ wá bí agbára bá ká a, torí ètò fóònù fúnra rẹ̀ máa ń gba ohun bíi 10GB sí 20GB kí ẹ tó fi ọwọ́ kàn án rárá.

Fóònù tí ààyè rẹ̀ kún máa ń lọ́ra bí ẹni tó ń ṣàìsàn, torí kò rí ibi kọ nǹkan sí mọ́. Kí ẹ tó sọ pé ó ti gbó, ẹ wọ inú WhatsApp, ẹ lọ sí Settings, kí ẹ tẹ Storage and data, kí ẹ wá tẹ Manage storage. Ẹ óò rí fídíò tí ẹgbẹ́ ìjọ, ẹgbẹ́ àdúgbò àti ti ẹbí ti dà sínú fóònù yín láìjẹ́ pé ẹ béèrè. Ẹ pa wọ́n rẹ́, kí ẹ sì pa ètò tó ń wa fídíò wọlé fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù tó yẹ kó lọ sínú àpótí ló ti tibẹ̀ jí.

Update

Iṣẹ́ méjì ni update ń ṣe. Àkọ́kọ́ ń gbé fóònù láti ẹ̀dà Android tàbí iOS kan bọ́ sí òmíràn. Èkejì ń dí àwọn ihò tí ọ̀daràn lè gbà wọlé. Bí update bá dáwọ́ dúró, fóònù kò ní kú lọ́jọ́ náà. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn áàpù á máa fi í sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, WhatsApp kò ṣiṣẹ́ mọ́ lórí Android tó bá kéré sí 5.0. Láti ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, kò ṣiṣẹ́ mọ́ lórí iPhone tí kò bá lè gba iOS 15.1, iPhone 5s, iPhone 6 àti 6 Plus sì wà lára wọn. Fóònù wọ̀nyí ṣì ń tan, wọ́n ṣì ń pè, ṣùgbọ́n fún oníṣòwò tí oníbàárà rẹ̀ wà lórí WhatsApp, wọ́n ti kú.

Ọdún update kò dọ́gba láàárín àwọn ilé iṣẹ́. Google ṣèlérí ọdún méje fún Pixel 8 nígbà tó jáde lóṣù Kẹwàá ọdún 2023. Samsung náà ṣèlérí ọdún méje fún Galaxy S24 ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni Galaxy A16, fóònù tí owó rẹ̀ kò ga tó ìyẹn, tí Samsung ṣèlérí ọdún mẹ́fà fún. iPhone 11 tó jáde ní 2019 ṣì gba iOS 26 ní 2025, nígbà tí iPhone XR ti 2018 kò rí i gbà. Ọ̀pọ̀ àwọn fóònù olówó pọ́ọ́kú, ní tiwọn, kì í gba ẹ̀dà Android tuntun ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń tà kì í sọ: ọjọ́ tí fóònù kọ́kọ́ jáde sí ọjà ni wọ́n ti ń ka ọdún update, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rà á. Fóònù tó jáde ní 2022 pẹ̀lú ìlérí ọdún mẹ́rin, tí ẹ wá rà ní tuntun nínú páálí ní 2025, ọdún kan ló kù fún un. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á, ẹ béèrè ọdún tó jáde. Bí ẹni tó ń tà kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ fi orúkọ fóònù náà wá a lórí Google níbẹ̀.

Ohun èlò àtúnṣe

Fóònù tí ẹnikẹ́ni kò lè tún ṣe nítòsí yín ti pàdánù ìdajì oṣù rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Ìdí kan nìyí tí Tecno, Infinix àti itel, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ọmọ ilé iṣẹ́ Transsion ti ìlú Shenzhen ní Ṣáínà, fi gbilẹ̀ nílẹ̀ yìí. Skrín wọn àti bátìrì wọn wà lọ́jà, àwọn ẹnjiníà mọ inú wọn, Carlcare tí í ṣe ẹ̀ka àtúnṣe ilé iṣẹ́ náà sì wà fún èyí tó bá ṣì wà lábẹ́ ìdánilójú. Samsung àti iPhone náà ní ohun èlò tó pọ̀. Fóònù tó dára àmọ́ tí kò wọ́pọ̀ níbí lè jókòó sọ́wọ́ ẹnjiníà fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan nítorí skrín kan ṣoṣo.

Ẹ tún béèrè irú skrín tó ní. AMOLED mọ́lẹ̀, ó sì rẹwà ju LCD lọ, ṣùgbọ́n tó bá fọ́, owó rẹ̀ máa ń ga ju ti LCD lọ púpọ̀. Ẹni tó ń gun ọ̀kadà tàbí tó ń wa kẹ̀kẹ́, tí fóònù rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ léraléra, lè ka LCD sí ìfọ̀kànbalẹ̀. Ẹ béèrè iye skrín fóònù náà lọ́wọ́ ẹnjiníà kí ẹ tó ra fóònù fúnra rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ 5G

MTN gbé 5G jáde fún títà nílẹ̀ yìí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, Airtel tẹ̀lé e ní oṣù Kẹfà ọdún 2023. Ìgbì rédíò tí wọ́n ń lò fún un, tó wà ní àyíká 3.5GHz, ń gbé dátà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ kì í rìn jìnnà, kò sì rọrùn fún un láti gba ara ògiri kọjá. Nítorí náà, ó lè wà ní ìta ṣọ́ọ̀bù yín kó má sí nínú yàrá. Kí ẹ tó fi owó kún owó nítorí 5G, ẹ yá fóònù ẹni tó ní i, ẹ wò ó bóyá ó ń hàn nílé yín àti níbi iṣẹ́ yín. Ẹ rántí pẹ̀lú pé àjọ NCC fọwọ́ sí i lóṣù Kìíní ọdún 2025 pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ lè fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, fídíò tó bá sì ń wọlé kíákíá máa ń mọ́ sí i, á sì máa jẹ dátà sí i. 4G tó dúró déédéé tó fún iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Tún un ṣe àbí pààrọ̀ rẹ̀?

Ẹ fi ìṣirò oṣù yẹn kan náà dá a lẹ́jọ́. Bí ẹnjiníà bá ní ₦40,000 ni skrín, tí ẹ sì gbàgbọ́ pé fóònù náà yóò lo ọdún kan sí i, nǹkan bí ₦3,300 lóṣù ni àtúnṣe náà. Ẹ fi wé iye tí fóònù tuntun tí ẹ ń wò yóò máa jẹ lóṣù. Ọ̀pọ̀ ìgbà, àtúnṣe ló máa ń borí, tó bá jẹ́ pé bátìrì, skrín tàbí ojú ibi tí a ń ki ṣájà bọ̀ ló bàjẹ́.

Ìdáhùn náà máa ń yí padà tó bá jẹ́ panel, ìyẹn bọ́ọ̀dù tó gbé ẹ̀rọ inú fóònù, ló jó tàbí tí omi wọ inú rẹ̀. Panel tí wọ́n tún ṣe lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tún kú, ẹ kò sì lè fọkàn sí oṣù rẹ̀ mọ́. Ó tún yí padà tí update bá ti dópin lórí fóònù tí owó ṣọ́ọ̀bù yín wà nínú áàpù báńkì rẹ̀. Bí ẹ bá sì ń pàdánù iṣẹ́ nítorí fóònù, bíi kí ìbéèrè oníbàárà máa pẹ́ wọlé, kí máàpù máa há lójú ọ̀nà, kí fọ́tò ọjà máa dúdú débi pé ẹnikẹ́ni kò rà á, ẹ ka owó tí ẹ ń pàdánù lóṣù mọ́ owó fóònù àtijọ́. Ìgbà yẹn ni òtítọ́ máa ń hàn pé títọ́jú rẹ̀ ti wọ́n ju pípààrọ̀ rẹ̀ lọ.

Pé ọ̀rẹ́ yín ra tuntun kò sí nínú ìṣirò yìí. Pé ilé iṣẹ́ gbé òmíràn jáde kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú, àfi ní ọ̀nà kan: lóṣù Kẹsàn-án tí iPhone tuntun sábà máa ń jáde, àti ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tí Samsung ń gbé Galaxy S tuntun jáde, owó àwọn tó ṣáájú wọn máa ń rọ̀. Ẹni tó lè ní sùúrù títí di ìgbà yẹn lè ra fóònù rere ní owó tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, tí ọdún update rẹ̀ bá ṣì pọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀

Tòkunbọ̀ tó dára lè lò ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ, ṣùgbọ́n ìwádìí rẹ̀ gba àkókò. Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà ló ń rí ìfun inú rẹ̀. Ẹ lọ ní ọ̀sán, ẹ mú síìmù tiyín lọ́wọ́, kí ẹ sì ní dátà lórí rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ *#06#. Nọ́ńbà 15 tó bá jáde ni IMEI, ó sì gbọ́dọ̀ bá ti ara páálí àti ti ìwé ẹ̀rí ìsanwó mu. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé nílé. Òun ni ẹ óò fi ṣàpèjúwe fóònù náà fún ọlọ́pàá tí wọ́n bá jí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́ lójú yín, kí ẹ sì fi àkáǹtì tiyín ṣí i. Láti 2013 ni Apple ti ń fi Activation Lock de iPhone mọ́ olówó rẹ̀. Google náà fi irú rẹ̀ sí Android 5.1 ní 2015. Bí fóònù bá béèrè àkáǹtì ẹlòmíràn, ẹ gbé e kalẹ̀ kí ẹ máa lọ, ohunkóhun tí wọn ì báà sọ.

Ẹ ki síìmù yín bọ̀ ọ́, ẹ pe ènìyàn, ẹ ṣí íntánẹ́ẹ̀tì. Lórí iPhone, ẹ wọ Settings, General, About. Ó yẹ kí Carrier Lock sọ pé “No SIM restrictions”. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni àjọ Ofcom ti ka á léèwọ̀ fún àwọn nẹ́tíwọ̀kì ní Ìlú Ọba láti ta fóònù tí wọ́n tì mọ́ ara wọn, nítorí náà èyí tí wọ́n tà lẹ́yìn ìgbà náà níbẹ̀ kì í sábà fa wàhálà. Ti Amẹ́ríkà ni kí ẹ ṣọ́ra fún. iPhone 14 àti àwọn tó tẹ̀lé e tí wọ́n ṣe fún títà ní Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ ní ihò síìmù rárá, eSIM nìkan ni wọ́n ń lò. Bí ọmọ yín tó wà lọ́hùn-ún bá fẹ́ fi irú rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì nẹ́tíwọ̀kì yín kí ẹ mọ bí wọn yóò ṣe gbé nọ́ńbà yín sórí eSIM. Ẹ sì mọ̀ pé lọ́jọ́ tí bátìrì bá kú, ẹ kò ní lè yọ síìmù kí ẹ ki í bọ inú fóònù kékeré.

Ojú About yẹn náà ló ń tú àṣírí iPhone XR tí wọ́n wọ̀ ní aṣọ iPhone tuntun. Kámẹ́rà kan ṣoṣo ni XR ní lẹ́yìn; àwọn ihò yòókù tí ẹ ń rí jẹ́ ẹ̀ṣọ́ lásán. Ẹ wo Model Name àti Model Number. Nọ́ńbà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú M ni wọ́n tà ní tuntun, F ni èyí tí wọ́n tún ṣe kí wọ́n tó tún un tà, N sì ni èyí tí wọ́n fi rọ́pò èyí tó bàjẹ́. Láti iPhone 11 lọ sókè, ojú ewé yẹn yóò tún sọ bóyá wọ́n ti pààrọ̀ skrín tàbí bátìrì. Ẹ wo Battery Health pẹ̀lú. Bí ó bá ti wà nísàlẹ̀ 80, ẹ yọ owó bátìrì kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san. Lórí ọ̀pọ̀ Samsung, *#0*# yóò ṣí ojú ìdánwò fún skrín, ẹ̀rọ ohùn àti kámẹ́rà.

Tí ẹ bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, ẹ má jẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ yín mọ́. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ gbé e wọlé lọ dì í sínú páálí lè pààrọ̀ rẹ̀ sí òmíràn. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí tí orúkọ ṣọ́ọ̀bù, àdírẹ́sì àti IMEI wà lórí rẹ̀. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí àjọ FCCPC ń mójú tó, mọ ẹ̀tọ́ oníbàárà láti dá ọjà tó ní àbùkù padà, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí ni ẹ óò fi jà fún un.

Sísan díẹ̀díẹ̀

Fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pé, rírà àwìn tí à ń san lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ lè ṣí ọ̀nà iṣẹ́. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ká ní ẹ fi ₦40,000 sílẹ̀, tí ẹ óò sì máa san ₦6,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 26. ₦196,000 nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ₦150,000 ni fóònù náà lówó lọ́wọ́, ₦46,000 ni èlé, ó sì di owó tí ẹ óò pín sórí oṣù pẹ̀lú. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé áàpù kan wà nínú fóònù bẹ́ẹ̀ tó lè tì í pa tí ẹ bá pẹ́ san. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni ra irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì san án tán: owó yóò jáde lápò yín, fóònù yóò sì tì mọ́ yín lọ́wọ́.

Kí èyí àtijọ́ tó jáde lọ́wọ́ yín

Ẹ kọ́kọ́ gbé WhatsApp, fọ́tò àti nọ́ńbà àwọn ènìyàn lọ sórí tuntun, kí ẹ sì lo tuntun náà fún bí ọjọ́ méjì mẹ́ta kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́. Ẹ yọ áàpù báńkì kúrò, kí ẹ sì rí i pé báńkì kò ka fóònù àtijọ́ sí tiyín mọ́. Ẹ jáde nínú àkáǹtì Google tàbí Apple yín. Bí ẹ bá gbàgbé èyí, ẹni tó rà á lọ́wọ́ yín yóò bá àgádágodo pàdé. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yọ síìmù àti mẹ́mọ́rì káàdì, kí ẹ wá pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́ láti inú Settings. Bí ẹ bá fẹ́ fún Màámi nílé, tí update rẹ̀ sì ti dópin, ẹ jẹ́ kó wà fún ìpè àti fídíò ọmọ-ọmọ. Ẹ má fi áàpù báńkì sórí rẹ̀.

Kí ẹ tó jáde nílé

Ẹni tó ń ṣe POS ní Ìkòtún nílò bátìrì tó le, nẹ́tíwọ̀kì tó dúró àti update tí kò tíì dópin. Kámẹ́rà kò kàn án. Ìyá tó ń ta aṣọ lórí WhatsApp ní Ẹ̀gbẹ́dá nílò kámẹ́rà tó ń fi àwọ̀ aṣọ hàn bó ṣe rí gan-an, àti ààyè tó gba fọ́tò. Awakọ̀ tó ń gbé èrò láti inú áàpù nílò máàpù tí kì í há, fóònù tó fara da ooru, àti skrín tí owó rẹ̀ kò ní pa á. Akẹ́kọ̀ọ́ LASU tó ń gbé Ìgàndó nílò RAM gidi àti skrín tó fẹ̀ tó láti fi ka ìwé.

Ẹ kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀: iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kó ṣe, owó tó wà nílẹ̀, àti oṣù tí ẹ fẹ́ kó lò. Fóònù tó bá bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu ni kí ẹ rà, kódà bí aládùúgbò bá ń lo èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí èyí tó wà lọ́wọ́ yín bá sì ṣì bá wọn mu, ẹ pààrọ̀ bátìrì rẹ̀, ẹ palẹ̀ inú rẹ̀ mọ́, kí ẹ fi owó yòókù san owó ilé ìwé ọmọ tàbí kí ẹ fi kún ọjà inú ṣọ́ọ̀bù.